Ta Ló Ń Fa Sitọ́pà?

Sitọ́pà katakata yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi tì í wọlé. Ẹ má bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Owódé Onírin, èmi kì í ṣe ọmọ àná. Okùn kékeré tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni. Bó o bá fà á síta, epo ò ní wọlé, o lè yí kọ́kọ́rọ́ títí ọwọ́ á fi wú. Mo tì í wọlé, mo rìn lọ síwájú láti wo páìpù epo. Kí n tó padà, ó ti wà níta.

Mummy Damaris ló ni katakata náà. Ọkọ rẹ̀, Ọlánípẹ̀kun, ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú ní 2005, ọdún kan ṣáájú ọjọ́ yìí. Oko ẹ̀fọ́ ni obìnrin náà ń dá lẹ́bàá odò ní Ajégúnlẹ̀, òun ló sì fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ti ní bí ilẹ̀ náà ò bá di títú títí Sátidé, àwọn á fún ẹlòmíì. Ọjọ́ Ẹtì la wà yìí. Èmi náà sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé kó fọkàn balẹ̀, pé ọwọ́ Bartholomew ló wà. Ẹnu mi yìí ni yóò pa mí.

Mo ti tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, mo pààrọ̀ písítìnì, mo tò ó padà. Mo fọ nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, mo lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù títí dísẹ́ẹ̀lì fi tú sí mi lójú. Bátìrì le. Jayé, awakọ̀ tí Mummy Damaris háyà, yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ké wìì-wìì-wìì, kò dáhùn. Sitọ́pà tún ti wà níta.

Mo bú Jayé. Ó búra pé òun ò fọwọ́ kàn án. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, mo fi wáyà so sitọ́pà mọ́lẹ̀, èmi, òun àti Mummy Damaris tó dúró tì wá sì ń wò ó. Wáyà náà tú ara rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń tú okùn bàtà. Sitọ́pà rọra jáde. Mo pe Jésù. Jayé ti wà lẹ́yìn mi, bó ṣe débẹ̀ n ò mọ̀.

Mummy Damaris pòṣé. Ó ní ọkọ òun ni, òun mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Títí ó fi kú, kò jẹ́ kí awakọ̀ kankan gun katakata yẹn, ó ní wọ́n ń fi dísẹ́ẹ̀lì ṣòfò. Ọlánípẹ̀kun fúnra rẹ̀ a máa pa ẹ́ńjìnnì bó bá ti dé ìdagẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà bá sún mọ́ katakata, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Daddy Damaris, ẹ dákun. Ọ̀la ni wọ́n máa gba ilẹ̀. Kí ni kí n fún ọmọ yín jẹ?”

Sitọ́pà ò mì. Inú bí obìnrin náà, omi lé sí i lójú.

“Ẹ kúkú wá wà á fúnra yín nígbà náà!”

Yéè. A kì í sọ irú ẹ̀ sí òkú. Mo fẹ́ fọwọ́ bò ó lẹ́nu, àmọ́ ẹyin lohùn, ó ti bọ́.

Sitọ́pà wọlé. Kọ́kọ́rọ́ yí. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bú ramúramù, èéfín dúdú gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìjókòó awakọ̀ tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀ rọra rì wálẹ̀ lórí sípíríǹgì. Ọlánípẹ̀kun sanra nígbà ayé rẹ̀.

Jayé ní wọ́n ń retí òun ní Mile 12, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mummy Damaris so ìró rẹ̀ le, ó gun orí irin tó bo táyà ẹ̀yìn, níbi tó ti máa ń jókòó ti ọkọ rẹ̀ látijọ́. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àárò rẹ̀ ti sọ òun jù. Mo fẹ́ ní kó sọ̀ kalẹ̀, mo bá sún kúrò lọ́nà. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ di títú, àbí?

Katakata rìn díẹ̀, ó dúró. Mummy Damaris tẹ́tí sí ìjókòó òfìfo náà, ó mi orí, ó wá yíjú sí mi.

“Ọ̀gá Bartholomew,” ó ní jẹ́jẹ́, “Daddy Damaris ní bíréèkì òsì ò mú.”

Òótọ́ ni. N ò tíì fún un le. Mo mú sípánà, mo kúnlẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà, mo ń di nọ́ọ̀tì.

“Ẹ má bínú, sà,” ni mo ń sọ ṣáá. “Ẹ má bínú.”