Iṣẹ́ Clémentine Kò Lọ́ra

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta ọdún 2023, bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ti ń lù, ni Clémentine kọ́kọ́ rí Aymar ní iléeṣẹ́ kan ní àdúgbò Riviera, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.

"Jókòó tì mí, àbí ẹ̀rù Java ń bà ọ́?" Aymar ló béèrè, Java ni èdè kọ̀ǹpútà tó ń lò.

"Java ni kó máa bẹ̀rù mi," ni Clémentine fèsì, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn di ìfẹ́. Kò tó ọdún méjì tí àlùfáà fi bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ wọn pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kéde ìgbéyàwó wọn.

Lákòókò náà ni ọ̀gá wọn ń wá èdè kọ̀ǹpútà tó yá jù láti fún tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní jọ ti òmíràn láéláé. Ẹni tó bá borí ni yóò darí iṣẹ́ náà. Clémentine fi èdè Go kọ tirẹ̀. Aymar lo Java, òun náà ni wọ́n sì ní kó díwọ̀n bí ètò méjèèjì ṣe yá tó. Ó kéde pé Java ló yá jù. Clémentine kí i kú oríire.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ ìdíwọ̀n náà wò, ó rí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Aymar ti mú kí ètò Go máa kọ gbogbo nọ́ńbà sójú kọ̀ǹpútà bó ti ń pèsè wọn, iṣẹ́ tó ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ètò Java tirẹ̀ kò kọ ẹyọ kan síta. Kí ni à ń pe irú èyí, bí kò ṣe olè? Clémentine mú iṣẹ́ kíkọ nọ́ńbà síta yẹn kúrò nínú ètò Go, ó tún un díwọ̀n. Go fi Java sílẹ̀ jìnnà.

"Aymar, o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"Ààyò mi, má bínú. Ojú ń tì mí kí ìyàwó mi máa darí mi. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, màá sọ fún ọ̀gá."

"Lónìí ni, lójú gbogbo wọn!"

"Chérie, olólùfẹ́ mi, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Èmi tí wọ́n ń pè ní Madame Ìgbín láti àná ńkọ́?"

Nílé àwọn Clémentine ní àdúgbò Siporex, Eugénie, ìyá Clémentine, figbe ta nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ fagi lé ìgbéyàwó náà bí Aymar kò bá jẹ́wọ́. "Torí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì? Àwọn ẹbí wa ti ń múra láti Àjàṣẹ́! Ọkùnrin wo ni kì í purọ́ díẹ̀?"

"Màmá, ẹni tí ẹ fẹ́ kí n máa sùn tì ló purọ́ mọ́ mi."

Ó ṣì fẹ́ràn Aymar. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì Aymar wá, ó kúnlẹ̀, ó sunkún, ó sì tún kọ̀ láti jẹ́wọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Clémentine nu ojú ara rẹ̀. Ó lọ bá àlùfáà, ó sì ní kó má ṣe pe orúkọ òun mọ́ orúkọ Aymar mọ́.