Ọgbà Tí Màmá Àgbà Ń Fọwọ́ Wò

"Èyí kọ́. Èyí náà kọ́. Ẹ̀n-ẹ́n, èyí gan-an!"

Màmá Àgbà lóṣòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọwọ́ wá ewé bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ẹní. Ó já ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó sì ń rún un díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀bùrẹ́ ti ń gbó," ó wí. "Pẹ́lẹ́bẹ́, má já tìdí ògiri o. Àwọn yẹn ni mo fi sílẹ̀ kí hóró wọn lè gbẹ, kí ó já bọ́ fúnra rẹ̀."

"Ó dáa, mà."

"Ó dáa ẹnu lásán, àbí ó dáa tinú tinú?"

"Màmá Àgbà, ṣé kí n kúnlẹ̀ kí n búra ni?"

"Bí o bá kúnlẹ̀, orí gbúre mi lo máa kúnlẹ̀ sí. Jọ̀ọ́, dúró síbi tí o wà." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Nítorí pé ọmọbìnrin náà tín-ín-rín ni wọ́n ṣe ń pè é ní Pẹ́lẹ́bẹ́. Òun, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, àti Màmá Àgbà tó bí ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ojú Màmá Àgbà ti ń ṣú bọ̀ ó ti pẹ́, kò wá rí ju ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé lọ mọ́. Ìyá Pẹ́lẹ́bẹ́ fa okùn kan láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ dé ìdí ògiri, ó so ó mọ́ èèkàn. Okùn yẹn ni ìyá arúgbó náà máa ń dì mú láràárọ̀, tí á máa rìn, tí á máa bẹ̀rẹ̀, tí á máa fọwọ́ kan àwọn ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ará àdúgbò.

Ewúro ló fi ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká. Gbúre wà níbi tí omi ilé ìdáná ń ṣàn gbà, ẹfinrin wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, odú, tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀bùrẹ́ sì wọnú ara wọn láàárín. Kò sí ebè tó tò gbọọrọ níbẹ̀. Ewé gbígbẹ ló fi bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́, eérú ààrò àti èèpo ohun tí wọ́n bá bó sì ni oúnjẹ ilẹ̀ náà. Màmá Àgbà kì í ra irúgbìn, kì í sì í kó o pamọ́. Èyí tó bá dára jù ló máa ń fi sílẹ̀ lórí ìdúró, títí hóró rẹ̀ á fi já bọ́, tí òjò á sì mú un hù.

Inú ẹ̀gbọ́n ìyá Pẹ́lẹ́bẹ́ kò dùn sí ọ̀rọ̀ ọgbà yìí rárá. Ìlú mìíràn ló ti ń tún fíríìjì ṣe. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló máa ń wí pé, "Màmá, ẹ máa ṣubú lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sọ́dọ̀ mi."

"Àjà kejì tí o ń gbé yẹn?" Màmá Àgbà á dá a lóhùn. "Ṣé inú ife ni kí n ti máa gbin ẹ̀fọ́ ni? Ọjọ́ tí ọwọ́ mi ò bá mọ ewé mọ́, wá gbé mi. N ò ní bá ọ jà."

Àdéhùn wọn nìyẹn, ojú Pẹ́lẹ́bẹ́ ni wọ́n sì ti ṣe é.

Nílé ẹ̀kọ́, Pẹ́lẹ́bẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń kàwé fún ìdánwò àṣejáde. Ilé ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí, ilé ẹlòmíì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó kan ilé Pẹ́lẹ́bẹ́, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Gbajúmọ̀, ti gba ẹ̀yìn ògiri ilé wọn kọjá rí.

"Ẹ̀yìnkùlé yín yẹn, ṣé kò sí ejò níbẹ̀ ṣá?" Gbajúmọ̀ bi í lójú gbogbo wọn. "Nítorí mi ò lè wá fẹsẹ̀ mi tọrẹ o."

"Ẹ̀fọ́ ni màmá àgbà mi gbìn síbẹ̀," Pẹ́lẹ́bẹ́ wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

"Ẹ̀fọ́ kẹ̀? Ẹ̀fọ́ tó ń bá koríko ṣe ìgbéyàwó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Pẹ́lẹ́bẹ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn ún jù nígbà tó délé.

Gbajúmọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tó rí i pé ojú ọ̀rẹ́ òun ti kọ́rẹ́, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má dá mi lóhùn, àwàdà ni. Bàbá mi ń ta oògùn koríko. Màá bù díẹ̀ wá fún ọ, kí o fín in sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Koríko nìkan ló ń bá jà." Bó ṣe mọ̀ ọ́n ló ṣe sọ ọ́, kò sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ mú Màmá Àgbà lọ sílé ìwòsàn nítorí ojú, Pẹ́lẹ́bẹ́ bu oògùn tí Gbajúmọ̀ mú wá fún un sínú ike tí ìyá rẹ̀ fi ń fín omi sára aṣọ kó tó lọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́. Ó rí i bí oògùn náà ṣe ń bà lé orí odú, tó ń bà lé àwọn ẹ̀bùrẹ́ ìdí ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún dún sí i létí, ó bá ń fín in lọ títí ike fi gbẹ.

Ọjọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, koríko ṣì wà lórí ìdúró, ó tutù yọ̀yọ̀, nítorí oògùn yẹn kì í tètè ṣiṣẹ́. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Yàrá àlejò ni wọ́n jókòó sí láàárín àgékù aṣọ ìyá rẹ̀, wọ́n kàwé, wọ́n ṣàwàdà, wọ́n sì lọ.

Dókítà ti ní kí Màmá Àgbà má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Pẹ́lẹ́bẹ́ ni wọ́n ń rán lọ já ẹ̀fọ́. Ara ewúro tó jìnnà, níbi tí oògùn kò dé, ló ti ń já a. Iṣẹ́ aṣọ kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè yọjú síbẹ̀, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni Pẹ́lẹ́bẹ́ ń rí i tí ọgbà náà ń pọ́n, tó ń rọ, tó ń dorí kodò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Àgbà tún di okùn rẹ̀ mú, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan odú.

"Kí ló dé tí èyí rọ báyìí?" Ó sún síwájú. "Èyí náà?" Ó já ewé kan, ó gbóòórùn rẹ̀, kò dá a mọ̀. Ó bá gbé e sẹ́nu.

"Ẹ má jẹ ẹ́!" Pẹ́lẹ́bẹ́ sáré gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí ló dé? Kí ló ṣe é?"

Òótọ́ ti dé ọ̀fun ọmọ náà. Bí ó bá sọ ọ́ nígbà yẹn, bóyá igbe lásán ni ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á.

"Kòkòrò ni, mà. Kòkòrò ti bò ó."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Kí ẹ tó lọ sílé ìwòsàn."

"Kí n tó lọ?" Màmá Àgbà tún fọwọ́ pa ewé náà. "Èmi tí mò ń fọwọ́ kàn án láràárọ̀?"

Ó rìn dé ìdí ògiri, ó fọwọ́ kan gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dórí ẹ̀bùrẹ́ tí hóró rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kò sunkún. Ó kàn ń fi ìró nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Lálẹ́, ó sọ fún ìyá Pẹ́lẹ́bẹ́ pé, "Bá mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ fún un pé kó wá gbé mi."

"Màmá, nítorí ẹ̀fọ́?"

"Kì í ṣe nítorí ẹ̀fọ́. Kòkòrò jẹ ọgbà mi tán lábẹ́ ọwọ́ mi, n ò mọ̀. Kí ni mo tún ń ṣe níbí?"

Pẹ́lẹ́bẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì gbé abọ́ náà lọ sílé ìdáná.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú ọkọ̀. Màmá Àgbà jẹ́ kó fà á lọ́wọ́ bí ọmọ kékeré. Kò ní kí wọ́n mú òun dé ẹ̀yìnkùlé kó tó wọ ọkọ̀.

Òjò rọ̀. Ewúro nìkan ló tún rúwé díẹ̀. Ẹ̀bùrẹ́ kò hù, odú kò hù, nítorí oògùn ti pa wọ́n kí hóró wọn tó gbó. Pẹ́lẹ́bẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀ tán, kò sì rántí ohun tó kọ. Nígbà tí kò lè gbé e mọ́ra mọ́, ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó wá ní, "Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún. Dìde, kí o lọ bá a."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. "Kò sí ohun tó ń ṣe é o," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ife tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó máa dúró kí á gbé e lé e lọ́wọ́ ni."

Màmá Àgbà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Pẹ́lẹ́bẹ́ kúnlẹ̀.

"Màmá Àgbà, kì í ṣe kòkòrò. Èmi ni. Mo fín oògùn koríko sí i, atẹ́gùn gbé e lọ. Mo rí i, mi ò dáwọ́ dúró."

Ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri níta. Màmá Àgbà yí ojú sọ́dọ̀ Pẹ́lẹ́bẹ́.

"Ìyẹn ni pé ọwọ́ mi ò ṣìnà?"

"Kò ṣìnà rárá, mà."

Ìgbà yẹn ni ìyá arúgbó náà tó sunkún. Ó ń fi ọwọ́ kan tẹ ìkejì, bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, mà. Màá tún gbogbo ẹ̀ gbìn. Màá..."

"Pẹ́lẹ́bẹ́, gbọ́. Ẹ̀fọ́ kú, kò burú. Oògùn tí o fín, ọmọdé ló ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ léèrè. Ewé yẹn wà lọ́wọ́ mi, mo bi ọ́. O rí mi bí mo ṣe ń rìn kiri. O gbọ́ nígbà tí mo ní kí wọ́n wá gbé mi. Bí mo bá padà, tí nǹkan míì tún bàjẹ́, ta ló máa sọ fún mi?"

Pẹ́lẹ́bẹ́ fi eékún sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa dárí jì mí, mà?"

"Màá dárí jì ọ́. Ọmọ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Lọ bá wọn fọ abọ́."

Ó lọ fọ abọ́, ó ń sunkún sórí ọṣẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, ìtìjú ọ̀rẹ́ kì í ju ọ̀sán kan lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a bá pa fún ẹni tó gbára lé wa lè gba ohun tí a kò ní lè rà padà fún un. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí òótọ́ ṣì lè tún nǹkan ṣe. Oògùn pa ọgbà Màmá Àgbà, ṣùgbọ́n dídákẹ́ ló lé e kúrò nílé.

Pẹ́lẹ́bẹ́ tọrọ hóró lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, ó ń gbìn ín. Ní ọjọ́ ìsinmi, ó máa ń pe Màmá Àgbà lórí fóònù, á sọ èyí tó hù, á sọ èyí tó kú. Ohùn òdìkejì kì í ju "ẹ̀n-ẹ́n" lọ.

"Odú méjì tún kú, mà," ó wí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá Àgbà bi í léèrè.

"Ṣé ó gbẹ ni, àbí ìdí rẹ̀ rà?"

"Ó rà, mà. Omi tí mo bù sí i ló pọ̀ jù. Ẹ̀bi mi ni."

"Dín omi kù," Màmá Àgbà wí. Kò sọ pé òun ń bọ̀ wálé.