Fáànù Tó Mu Omi Òjò

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́ kó gbà mí gbọ́. Èmi Faiz, ríwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Igbókòdá, kò sí lára àwọn tó ń rí iwin lẹ́yìn gbogbo ògiri. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀.

Mọ́tò náà, Píjò 504 àtijọ́ ni. Tíṣà Àbùbákàr ló ni ín. Ẹ mọ bí ọ̀dọ̀ wa ti rí: èbúté ni títì parí sí. Ẹni tó bá ń lọ sí Oríòkè-Ìwàmímọ́ á fi mọ́tò sílẹ̀ ní Igbókòdá, á wọ ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe. Wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀, òfìfo ni. Wọn ò rí òun. Ó di ọdún méjì.

Rekiyat ni ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà bí. Èmi ni mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Yìgì wa ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò gbà pé bàbá òun ti kú, kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe fìdáù. Ó ní mọ́tò bàbá òun ló máa gbé òun lọ síbi yìgì. Àmọ́ ìgbà òjò ni. Gíláàsì iwájú máa ń ṣú, ẹni tó ń wa mọ́tò kì í ríran. Fáànù hítà ló máa ń fẹ́ ẹ mọ́, fáànù náà sì ti kú.

Mo tú u kúrò nídìí dáṣíbọọ̀dù. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́ wọnú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó bá já bọ́ sókun, omi òjò la máa ń rì í sí kí iyọ̀ lè kúrò lára rẹ̀. Fáànù mọ́tò kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ti mọ́ni lọ́wọ́ lọwọ́ ń ṣe. Mo rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi òjò di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí Rekiyat dé, mo ti gbé e sórí tábìlì. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Gbogbo èbúté dákẹ́.

"Omi yìí dùn."

Mo wo Rekiyat. Òun náà wò mí. Inú fáànù ni ohùn náà ti wá.

"Bàbá mi nìyẹn," ó ní.

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Faiz, mo mọ ohùn bàbá mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì. "Bàbá, níbo lẹ wà?"

"Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ó bu omi òjò, ó dà á sí i. Fáànù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò sí wáyà lára rẹ̀. Kò sí bátìrì nítòsí. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ jáde tutù, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ etí òkun.

"Ẹ máa bọ̀ nílé, Bàbá."

"Mò ń bọ̀. Mo ti ń rí etí omi."

Rekiyat ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Inú èmi náà dùn, Ọlọ́run ló mọ̀. Ni ohùn náà bá yí padà.

"Faiz, ó tó. Má lù mí mọ́."

Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Rekiyat dìde díẹ̀díẹ̀. "Kí lo ṣe fún bàbá mi?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Wàláì!"

"Wọ́n dárúkọ rẹ."

Sípánà ńlá wà létí tábìlì. Mi ò rí i nígbà tó mú un. Eyín mi méjì ló kọ́kọ́ lọ. Ó tún gbé e sókè, mo fi ọwọ́ òsì gbà á, eegun rẹ̀ sì ró kàù. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Fáànù ń pariwo, "Faiz! Orí mi! Faiz!" Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi burúkú. Mo nawọ́ fa òòlù. Kí fáànù náà ṣáà ti dákẹ́ ni mo ń wá.

Mo là á mọ́ ọn. Bàbá náà ké. Mo tún là á. Ó bẹ̀ mí, ó ń dárúkọ ìyá mi. Rekiyat so mọ́ mi lọ́rùn, ó ń fi eyín ya èjìká mi. Mo ń lu fáànù náà lọ. Kí n má purọ́: mo lè dáwọ́ dúró. Mi ò dáwọ́ dúró.

Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Irin ti fọ́ yángá. Ohun tó ń ṣàn lórí tábìlì pupa, ó sì ki.

Rekiyat jókòó sílẹ̀. Ó tú ìborí rẹ̀.

"O ti pa wọ́n," ó ní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pè wá láti Oríòkè-Ìwàmímọ́. Òkun ti gbé Tíṣà wá sétí omi, nínú ẹ̀wù tó wọ̀ lọ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Orí rẹ̀ ti fọ́. Àwọn tó gbé e sọ pé ara rẹ̀ ṣì gbóná.

Àwọn ọlọ́pàá bi mí léèrè, wọ́n sì fi mí sílẹ̀. Mi ò dé Oríòkè-Ìwàmímọ́ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo èbúté ló rí mi ní Igbókòdá. Rekiyat náà rí mi. Ohun tó rí tí mò ń ṣe ni kò jẹ́ kó fẹ́ mi mọ́.