Àwọn Yímíyímí Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Mi

Ìgbẹ́ màlúù tútù ni mo bá lẹ́yìnkùlé ìyá mi ní Èsìẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó ṣì ń rú èéfín. Ká ní a ní màlúù ni, n kì bá tí wí nǹkan kan. A kò ní. Ògiri búlọ́ọ̀kù yí ọgbà náà ká, ó ga ju orí mi lọ, àgádágodo sì wà lẹ́nu géètì bí mo ṣe fi í sí. Mo wo ilẹ̀ títí, n kò rí ojú pátákò kankan.

Èmi kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ékòó, ojú mi ti rí nǹkan. Mo mú ṣọ́bìrì, mo fẹ́ kó o dànù, àfi bí mo ṣe rí i tí ìgbẹ́ náà ń mira. Yímíyímí ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Wọn kò yí imí lọ síbì kankan bíi tàwọn tí à ń rí lọ́nà oko. Ìsàlẹ̀ tààrà ni wọ́n ń gbẹ́ lọ, wọ́n ń ti erùpẹ̀ pupa sókè, wọ́n ń wọ́ ìgbẹ́ wọlẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ń gbọ́ ìró wọn nínú ilẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rún bébà lọ́wọ́. Kó tó di ọ̀sán, ihò nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, tuntun tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ojú kan ṣoṣo ni. Inú bí mi, nítorí ibẹ̀ gan-an ni Ọládiípọ̀, bíríkìlà tí mo mú wá láti Òmù-Àrán, ti fi eérú fa ìlà sí fún kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Orúnkún ń dun ìyá mi, kò lè máa rìn lọ sí ṣáláńgá ìsàlẹ̀ ọgbà mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gba ìsinmi wálé.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kejì, Ọládiípọ̀ gbé dígà dé. Ó wo ìgbẹ́, ó wo yímíyímí, ó wo èmi náà.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ ni màlúù yìí?"

"Gbẹ́lẹ̀, jọ̀ọ́."

Ó gbé dígà sókè, ó tún rọra gbé e kalẹ̀. "Ẹ wá wo nǹkan."

Yímíyímí kan ń ti erùpẹ̀ jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan wà nínú erùpẹ̀ náà, aláwọ̀ aró. Òmíràn tún jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kẹta. Mo ṣà wọ́n, wọ́n tutù bíi pé inú àmù ni mo ti mú wọn. Mo kó wọn lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń fa tẹ̀súbáà.

Ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ wọn.

"Bilqis, níbo lo ti rí ìlẹ̀kẹ̀ Fulera?"

N kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Fulera nílé wa.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò, ibà ló mú un lọ." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O ṣáà mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Àhmádù tó ń da màlúù bàbá rẹ nígbà náà ló gbé e lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tú ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó ṣe é fún mi. Ṣùgbọ́n ibi tó sin ín sí, àwọn àgbà ti mú un búra pé kò gbọdọ̀ fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ fún mi láé. Gbogbo ìgbà tó bá wá kí wa láti ìlú Bàbáńlá ni mo ń bi í. Ẹkún ló máa ń sun."

Àánú ìyá mi ṣe mí débi pé n kò lè wò ó lójú. Ọdún méjìléláàádọ́ta ló ti ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn, tó ń sá èlùbọ́ síbẹ̀, tó ń rìn kọjá lórí ọmọ rẹ̀. Èmi wá fẹ́ gbẹ́ kòtò ìgbẹ́ lé e lórí.

"Pè é," ló wí. "Sọ fún un pé mo ti mọ̀."

Uwais, ọmọ Bàbá Àhmádù, ló gbé fóònù náà. Ohùn àwọn tó ń ṣàdúrà kún ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, a ò tíì lè pe gbogbo èèyàn. Bàbá ti lọ. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ la ń ṣe lọ́wọ́ yìí. Àárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n dákẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà."

Ìyá mi gbọ́. Ó dìde fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n di òun mú. Ọládiípọ̀ ti gbé dígà rẹ̀, ó ti dúró lẹ́nu géètì. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò náà, ó sì fi ìka wọ inú ọ̀kan tó fẹ̀ ju ìyókù lọ. Èmi ti rò pé yímíyímí ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, ojú ọ̀pá ni, irú èyí tí darandaran máa ń gún mọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ fara tì í sinmi.

Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn.

"O ṣeun, Àhmádù," ló wí. "O ò fi ẹnu sọ ọ́."