Àyè Kan Láàrin Igbá

Iná méjì ni Teik Soon kọ́kọ́ rí, kò rí ojú. Siok Hwa, ọmọbìnrin tó ń yẹ lẹ́ǹsì wò, jókòó sídìí àtùpà àyẹ̀wò ní ilé-iṣẹ́ lẹ́ǹsì kan nílùú Penang, ìmọ́lẹ̀ sì kún inú jígí ojú rẹ̀ bámúbámú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ojú yín dà?" ni ọkùnrin náà bi í bó ti ń gbé àwo lẹ́ǹsì kalẹ̀.

"Ó wà níwájú orí mi. Ṣé ẹ̀yìn ni tiyín wà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ fún mi ní lẹ́ǹsì jígí yín mìíràn, kí n kùn ún fún yín. Mo fẹ́ máa rí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀."

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Igbá irin ńlá oníhò wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ihò wọ̀nyí ni wọ́n ń to lẹ́ǹsì sí. Oògùn tí wọ́n fi ń kun lẹ́ǹsì á gbóná, á di oru, á bà lé lẹ́ǹsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iná kò sì ní máa ta padà lára rẹ̀ mọ́. Bí ihò kan bá ṣófo, òṣìṣẹ́ lè fi tirẹ̀ sí i.

Oṣù méjì kọjá. Wọ́n ti jọ ń jẹ laksa, ọbẹ̀ núdù aláta, lọ́sàn-án, "ẹ" ti di "o", Teik Soon ti ń pè é ní Hwa mi. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì padà dé.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, Pei Shan, ọmọbìnrin tó ń di ẹrù, wọlé pẹ̀lú jígí ojú tuntun. Àwọ̀ elésè-àlùkò kan ń yọ fírí lára rẹ̀. Siok Hwa mọ̀ pé ẹ̀rọ Teik Soon ló ti wá.

"Ta ló kùn ún fún ọ?"

"Teik Soon ni. Mi ò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Siok Hwa yí padà sídìí àtùpà rẹ̀. Nígbà tí àwo Teik Soon dé iwájú rẹ̀, ó yẹ ogójì lẹ́ǹsì wò, gbogbo wọn ló péye. Ó mú ìnkì pupa, ó kọ ọ́ pé wọn kò péye. Bí àwo mẹ́ta ẹnì kan bá gba pupa, wọ́n á gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹta Teik Soon nìyí.

Ó sáré wá. "Hwa, kí ló ṣe wọ́n?"

"Lọ bi Pei Shan. Òun lo rí àyè fún."

Teik Soon sún mọ́ ọn. "Àwọ̀ wo lo rí lára tirẹ̀?"

"Elésè-àlùkò."

"Ibo nínú igbá ló ń yọ irú àwọ̀ yẹn?"

Siok Hwa mọ̀ ọ́n. Etí igbá ni, níbi tí oògùn kì í ti í dé dáadáa. Àwọ̀ ewé ni ti àárín.

"Etí ló máa ń ṣófo," ni Teik Soon wí. "Mi ò lè fi tìrẹ sétí. Àná ni àyè kan tó yọ láàrin." Ó mú bébà kékeré kan tó fi wé lẹ́ǹsì rẹ̀ jáde lápò.

Siok Hwa kò tú u. Ó gbé àwo náà, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn, Ramli.

"Ọ̀gá, lẹ́ǹsì yìí péye. Owú ló kọ pupa yẹn, kì í ṣe ojú mi."

Ramli fagi lé pupa náà. "Mo ti gbọ́. Lọ máa di ẹrù pẹ̀lú Pei Shan fún oṣù kan."

Nídìí páálí ni Teik Soon ti bá a fi lẹ́ǹsì náà sínú férémù rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ fún un, ó sì wò ó.

"Ojú rẹ rèé. Ó mà pọ́n."

"Ẹkún ni."

"Ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé wàá gbé tíì fún un?"

Pei Shan kò gbójú kúrò lára páálí tó ń lẹ̀. "Ọwọ́ méjèèjì ni kó o fi gbé e o. Tíì ni ìyàwó tuntun fi ń wọlé ọkọ, kì í sì í fi ọwọ́ kan gbé e fún ìyá ọkọ."

Siok Hwa wo ojú Teik Soon.

"Ṣé màmá fẹ́ kó dùn dáadáa," ó bi í, "àbí díẹ̀?"