Òwú tí Edelmira Fi Wọn Ọ̀nà Sydney

Músítáàdì ni Yasna kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó ta á sí táì. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá Yasna ní Pudahuel, nítòsí pápákọ̀ òfurufú Santiago, àjẹkù sopaipilla, ìyẹ̀fun díndín, lọ́wọ́ ọ̀tún, kóòtù tí apá rẹ̀ ti ya lọ́wọ́ òsì.

"Ẹ gbà mí o! Bàálù mi máa gbéra láago kan."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wà á ni, àbí ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́?" ni Yasna bi í.

Ọkùnrin náà, Baltazar Oyarzún, bú sẹ́rìn-ín. Oúnjẹ ló ń pín fún èrò inú bàálù. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tó bá ti balẹ̀ ló ń yà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, bẹ́ẹ̀ kóòtù rẹ̀ ò ya mọ́. Yasna fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń yọjú sójú ọ̀nà ṣáá tí kò bá tíì dé.

Edelmira, ìyá Yasna, ló ń fura, èmi ò sì bá a wí. Ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù máa ń ní ọjọ́ mẹ́rin lòun ń lò lọ́nà ìlú Antofagasta. Ọjọ́ méjì ni. Ilé ìyàwó kejì ló ti ń lo ìyókù. Láti ìgbà náà, kò sí ọkùnrin tó ti ìrìn àjò dé tí Edelmira ò ní bá ṣírò wákàtí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Yasna àti Baltazar ti ń gbèrò ìgbéyàwó, nídìí tíì àti búrẹ́dì, Baltazar ní òun rí ilẹ̀ yìnyín láti ojú fèrèsé bàálù lọ́nà Sydney ní Australia. Edelmira dìde, ó na òwú láti Santiago dé Sydney lórí máàpù ara ògiri. Omi òkun nìkan ló wà lábẹ́ òwú.

"Yìnyín dà? Ìsàlẹ̀ máàpù pátápátá ni ilẹ̀ yìnyín wà. Ta lo lọ kí?"

"Màmá, ọ̀nà ibẹ̀ ló yá jù," ni Baltazar dáhùn.

"Wákàtí mẹ́rìnlá ní àlọ, méjìlá ní àbọ̀. Ta ló jẹ méjì?"

"Atẹ́gùn ni. Ó ń dojú kọ wá tá a bá ń lọ, ó ń tì wá lẹ́yìn tá a bá ń bọ̀."

"Ọkọ mi náà mọ ẹjọ́ rò! Mi ò ní dé ibi ìgbéyàwó yín."

Ìfura máa ń ràn. Yasna alára yẹ àpò kóòtù Baltazar wò. Súìtì méjì ló bá níbẹ̀, ojú tì í gan-an. Lọ́jọ́ kejì ó ra ayé rogodo kékeré tí wọ́n ya máàpù sí lára lọ́jà Biobío, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ṣé inú fọ́tò lẹ ti ń wọn ìbàdí oníbàárà? Ẹ wọ̀n ọ́n lára ẹni náà."

Edelmira fa òwú náà le láti Santiago dé Sydney lára ayé rogodo náà. Òwú yọ̀ wálẹ̀ lọ sí ìhà yìnyín. Ó tún un fà, ibẹ̀ náà ló lọ. Ó ránṣẹ́ pe Baltazar.

"Ọ̀nà ò purọ́. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà lọmọ mi fẹ́ fẹ́. Mi ò ní yéé ka wákàtí rẹ o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á, Màmá. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, tí mo bá pẹ́, kò sẹ́ni tó ń mọ̀."

Edelmira fa àga kan fún un.

"Jókòó, ọmọ mi. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó náà?"

"Oṣù kẹta," ni òun àti Yasna sọ lẹ́ẹ̀kan náà.