Àǹtí Ni Fadékẹ́mi Ń Pe Ìyá Rẹ̀

Tíìn, tíìn, tíìn. Ìró ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ àyà ọmọ rẹ̀ ní ọsibítù kò kúrò létí Akínladé láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Oṣù méje ni wọ́n bí Fadékẹ́mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò nínú àpótí gíláàsì, tí Ọlábímpé ìyá rẹ̀ dúró níta, tó ń wò ó bí ẹni ń wo ọjà ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ délé, ẹ̀rù kò jẹ́ kí Bímpé pọ̀n ọ́n. Ìyá Akínladé, Màmá Edith, bá gbé e lọ sí Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin.

"Ẹ jẹ́ kó le díẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Díẹ̀ yẹn di ọdún mẹ́rin.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Màmá mú ọmọ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Eggua, ó sì padà sí Kétu. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba ti bọ́dà pa. Ẹni tó bá gbé Eggua nígbà náà yóò rántí bí ọjà ṣe dákẹ́.

Fadékẹ́mi kò jẹun dáadáa mọ́. Bí Bímpé bá na ọwọ́ sí i, á sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ìgbà wo ni Màmá mi ń bọ̀?"

Bí Màmá Edith ṣe kọ́ ọ nìyẹn, nígbàkúùgbà tí Bímpé bá wá kí wọn ní Kétu: "Kí Àǹtí."

"Ẹ gbé e padà," ni Bímpé sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ọmọ yìí ò mọ̀ mí."

Akínladé ti bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀, ẹni tó mọ ọ̀nà inú igbó dé Kétu. Sátidé ni wọn yóò lọ. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ikọ́ ọmọ gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan ní Ayétòrò.

"Ìyá ọmọ dà?" ni Nọ́ọ̀sì Mọ́nsúrátù bèèrè.

"Èmi ni," ni Bímpé dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wá jókòó síbí. Àbí ńṣe lẹ kàn sìn wọ́n wá ni?"

Ni omi bá bọ́ lójú Bímpé. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà. Nọ́ọ̀sì kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára yín ni. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìyá tó bí ọmọ láìpé oṣù. Ẹ̀yin ò kórìíra ọmọ, ọmọ ò kórìíra yín."

"Ṣé kò ti pẹ́ jù?" ni Akínladé bèèrè.

"Kò pẹ́, àmọ́ kò ní yá. Ẹ wá fẹ́ gbé e gba inú igbó tí sójà wà? Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Bàbá, bó bá sunkún, ẹ má sáré gbà á lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àǹtí yẹn, Màmá tó kọ́ ọ náà ni kó tún un ṣe."

Ní Sátidé, Akínladé dá ọlọ́kadà padà. Fadékẹ́mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bímpé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò fọwọ́ kàn án, ó ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ sún mọ́ ọn díẹ̀, ó mú ẹyọ kan, ó ń bó o. Bímpé rọra sún ẹ̀gúsí náà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bí ọmọ láìpé oṣù, bó tilẹ̀ ti tó ọmọ jẹ́léósinmi, ẹ máa bá a ṣeré lójoojúmọ́, ì báà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Eré tó bá mú wá ni kí ẹ bá a ṣe. Bó bá yíjú, ẹ ní sùúrù, torí ariwo tètè máa ń sú òmíràn nínú wọn. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ máa wẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa tẹ́ ẹ sùn. Bí ọ̀rọ̀ tàbí ìrìn rẹ̀ bá ń falẹ̀, tàbí tí ìbànújẹ́ kò fi ẹ̀yin gan-an sílẹ̀, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ ran ìyá lọ́wọ́, ẹ má gba ipò rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Akínladé kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Màmá Edith tó sì pa á rẹ́, nítorí ojú ìyá rẹ̀ ń tì í. Nígbà tó yá, ó fi ránṣẹ́:

"Màámi, ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ dá ẹ̀mí ọmọ yìí sí. A ò gbé e bọ̀ mọ́, ẹ má retí wa. Ẹ máa pè é lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún un pé Bímpé ló bí i. Ẹ̀yin nìkan lọ́mọ máa gbà gbọ́."